Ẹyin Ọba Tí Gbogbo Ará Inú Rẹ̀ Jẹ́ Orí

Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé igbó wo ni o. Igbó kan ṣáà ni, tí Ògòǹgò ti jọba lórí ẹyẹ àti ẹranko, tí Ìkookò sì jẹ́ olórí ìgbìmọ̀. Nínú igbó náà, èèyàn kì í ríṣẹ́ ṣe láìmú ìwé ẹni ńlá dání. Ẹni tó fẹ́ gbálẹ̀ ọjà lásán, àfi kí ìjòyè kan kọ̀wé fún un pé, “Èèyàn mi ni.”

Olorì yé ẹyin kan ṣoṣo, ó sì kú. Wọ́n gbé ẹyin náà fún adìẹ kan, Àgbébọ̀, pé kó sàba lé e pẹ̀lú tirẹ̀.

“Bí àrẹ̀mọ kò bá yọ dáadáa,” ni Ìkookò wí, “àwọn ọmọ rẹ ni mo máa fi jẹun.”

Lọ́jọ́ kejì, ìgbìmọ̀ pé yí ìtẹ́ ẹyin ká. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àgbébọ̀ ṣáà gbé e lọ.

“Ẹ̀yin àgbà, àwọn nǹkan tíntìntín tó wà nínú ẹyin yìí, ọgbọọgba ni gbogbo wọn báyìí. Kò tíì sí ojú, kò tíì sí ẹsẹ̀. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè ni. Èyí tó bá bá ara rẹ̀ lókè á di orí, á sì sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé kó ṣe ọrùn. Bí ọ̀kan bá ti gbà pé ohun báyìí lòun, ó tán, kò ní yí padà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.”

Ìkookò fò dìde. “Kábíyèsí, ẹ ò gbọ́? Ipò ṣí sílẹ̀ nínú ẹyin, kò sì tíì sẹ́ni tó kọ̀wé!”

Ìjòyè mẹ́sàn-án, ìwé mẹ́sàn-án. Wọ́n ń kà á sí ẹyin létí lọ́kọ̀ọ̀kan: “Èèyàn mi ni. Ẹ fi ṣe orí.” Ta ló fẹ́ kí èèyàn òun ṣe ẹsẹ̀? Nígbà tí Kábíyèsí wá bèèrè ẹni tó máa yọ̀ǹda èèyàn rẹ̀ fún ìdí, gbogbo ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Inú igbó ni wọ́n wà o, kò sí àjà kankan níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Àgbébọ̀ gbé etí lé ẹyin. Ó sáré lọ bá ọba.

“Kábíyèsí, mo gbé! Orí nìkan ló ń pariwo níbẹ̀. Kò síkùn, kò sẹ́sẹ̀, kò sídìí!”

“Ìyẹn náà lo ń tìtorí ẹ̀ sunkún?” ni Ìkookò wí. Ó kọ ìwé sí orí tó jẹ́ èèyàn Ọ̀bọ, ọ̀kan lára ìjòyè mẹ́sàn-án náà, nítorí òun àti Ọ̀bọ kì í rẹ́: “A ti gbé ọ lọ sísàlẹ̀. Lọ máa ṣe ẹsẹ̀.” Orí náà gbọ́ àṣẹ, ó lọ. Ṣùgbọ́n ó ti gbà tipẹ́ pé orí lòun. Orí ló ṣì jẹ́ nísàlẹ̀ ọ̀hún.

Ọjọ́ pé, ìlú pé. Àrẹ̀mọ yọ: orí mẹ́jọ lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kò sì sí nǹkan kan láàárín. Mẹ́jọ ń kígbe pé, “Èmi làgbà!” Ti ìsàlẹ̀ ń jẹ yẹ̀pẹ̀. Wọ́n bu oúnjẹ fún àrẹ̀mọ, oúnjẹ ò ríkùn wọ̀. Kó tó dọ̀sán, àrẹ̀mọ kú. Ògòǹgò sunkún, ó sì ṣeni láàánú lóòótọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn.

“Kábíyèsí, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i,” ni Ìkookò wí, ó ń pọ́n ètè lá. “Àgbébọ̀ ni kò sàba dáadáa!”

Ibi tí wọ́n ti ń di Àgbébọ̀ mú ni ẹyin tirẹ̀ pa. Àwọn òròmọdìẹ jáde, orí kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ méjì méjì. Ọ̀kan rìn kọjá láàárín ìgbìmọ̀, ó dúró síwájú ọba, ó yàgbẹ́.

Gbogbo ìgbìmọ̀ na ọrùn wò ó. Háà! Ìdí rèé!

“Ta ló kọ̀wé fún eléyìí?” ni Kábíyèsí bèèrè.

“Kò sẹ́nì kankan, Kábíyèsí,” ni Àgbébọ̀ dáhùn.

Ìkookò yọ bébà. “Kò sẹ́nì kankan kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká tètè kọ ọ́, kí eléyìí náà lè di orí!”

Níbi tí wọ́n ti ń wá kálàmù, Àgbébọ̀ ti kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ọmọ èèyàn. Ibẹ̀ ló wà dòní. Ó mọ̀ pé ọ̀bẹ ń bẹ níbẹ̀. Ó ní òun fara mọ́ ọ̀bẹ. Wọn kì í kọ̀wé sí ẹyin níbẹ̀.