Ebè Àna, Ife Òyìnbó

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí sáà bọ́ọ̀lù tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Òyìnbó, Fẹ́rànmí sì ti wà lóko àna rẹ̀ lẹ́yìn Kábbà láti òwúrọ̀, ó ń kọ ebè iṣu. Bàbá Jethro, akọ̀wé káńsù tó ti fẹ̀yìntì, tó bí Adétutù tí Fẹ́rànmí fẹ́ fẹ́, jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀wù pupa ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan náà ló wà lọ́rùn àwọn méjèèjì, àmọ́ òógùn àti iyẹ̀pẹ̀ ti sọ ti Fẹ́rànmí di aláwọ̀ ilẹ̀.

"Okun o, àna mi," ni Bàbá kí i láti abẹ́ òjìji. "Ó ku ebè mélòó?"

"Ọgọ́rùn-ún, Bàbá. Mo ti kọ ọ̀ọ́dúnrún."

"O káre, ọkùnrin ni ọ́. Ṣé o gbọ́ ohun tí rédíò ń sọ? A ti ra atamátàsé tuntun! Wọ́n ní ọmọ náà ga bí òpó iná. Sáà yìí, tiwa ni!"

Fẹ́rànmí dá ọkọ́ dúró. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ẹ̀yìn tó ń ro ó.

"Tiwa ni, Bàbá! Aṣọ́lé wa ńkọ́? Eṣinṣin kò lè kọjá lára rẹ̀."

"Eṣinṣin kẹ̀? Afẹ́fẹ́ gan-an á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà."

"A ó gba ife yẹn!"

"Tòun ti ìdérí rẹ̀!"

"Ṣé kí n kúkú sọ fún àwọn ará ilé wa ní Ìyàrá kí wọ́n máa múra ìgbéyàwó sílẹ̀ fún oṣù karùn-ún?"

Bàbá gbé rédíò sọ́wọ́, ó dín ohùn rẹ̀ kù.

"Ìwọ náà, má kánjú," ó ní. "Ọmọ tí wọ́n rà yẹn, mo gbọ́ pé orúnkún ń dùn ún."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ó ga bí òpó iná."

"Òpó iná tó wà níwájú ilé mi ńkọ́? Kò ga ni? Ìgbà wo lo rí iná lórí rẹ̀?"

Ẹ̀bi Fẹ́rànmí ni, kò sì sí ẹlòmíì tó lè dì í rù. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní ọjọ́ tí ẹbí méjèèjì wá mọra wọn, ẹgbẹ́ wọn ló wà lókè tébù, ààmì mẹ́jọ ni wọ́n fi ju ẹni tó tẹ̀ lé wọn lọ. Ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde láàárín àwọn àgbà, tó ní ọjọ́ tí wọ́n bá gba ife ni kí wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n pàtẹ́wọ́, Bàbá Jethro dì mọ́ ọn, àwọn àgbà ṣe àdúrà lé e, ọ̀rọ̀ sì di ọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kò pé tí ààmì mẹ́jọ fi yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Láti ìgbà náà, bí sáà tuntun bá ti ń bọ̀, Fẹ́rànmí á gbé ọkọ́ lọ síbi iṣẹ́ àna, nítorí iṣẹ́ àna kì í tán títí ìyàwó á fi wọlé ọkọ. Igba ebè ni Bàbá là sílẹ̀ fún un lọ́dún kìíní. Ó di ọ̀ọ́dúnrún lọ́dún kejì. Irinwó ni tọdún yìí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi," Fẹ́rànmí ní. "Ṣé a lè gba ife yìí, àbí a ò lè gbà á?"

Bàbá wo ilẹ̀ tó kù tí kò tíì di ebè. Ó mí kanlẹ̀.

"Ká sọ tòótọ́, ó le. Ẹ̀yìn wa ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Kóòṣì yẹn náà, ẹnu ló ní."

"Kò sí ìrètí nìyẹn?"

"Mi ò lè tàn ọ́ jẹ, ọmọ mi."

"Tí kò bá sí ìrètí, ẹ jẹ́ ká lọ bá àwọn àgbà kí wọ́n tú ọ̀rọ̀ yẹn ká, ká mú ọjọ́ mìíràn."

"Ta ló ní kò sí ìrètí?" Bàbá fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ ta. "Hàbà! Ẹgbẹ́ tó ra òpó iná! Kí la fẹ́ máa tú ọ̀rọ̀ ká sí, nígbà tí ife ti wà lẹ́nu ọ̀nà?"

"Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà?"

"Ojú mi yìí rí i."

"Kí n lọ máa wá màlúù nìyẹn."

"Màlúù kẹ̀? Dúró ná." Bàbá tún jókòó. "Orúnkún ọmọ yẹn ni mò ń rò."

Alùpùpù ni Fẹ́rànmí ń tún ṣe ní ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ ẹ̀rọ tó ń dún dáadáa bí ẹni kankan kò bá gùn ún, tó sì máa ń kú bí èèyàn bá ti gbé ìdí lé e. Ó wo àna rẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ ebè kọ́ ló dùn ún jù. Adétutù ló dùn ún, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ẹ̀gbẹ̀, tí kì í bi í léèrè ìgbéyàwó mọ́ lórí fóònù. Obìnrin tí kò mọ bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí àgbọn tẹ́lẹ̀, ta ni yóò ṣọ́lé lọ́jọ́ Sátidé ló ń béèrè báyìí.

"Ó dáa, Bàbá. Màá fi ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Màá lọ bá àwọn tó máa ń gba ife."

Rédíò bọ́ lọ́wọ́ Bàbá.

"Kí lo wí? Ẹni tó lè fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí pé kò gba ife, á fi ìyàwó sílẹ̀ nítorí pé ó jó ọbẹ̀. Ọmọ tèmi kò lọ sírú ilé bẹ́ẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ pin. Ojú sì ti Fẹ́rànmí, nítorí òun náà mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Bí wọ́n bá bó awọ ara rẹ̀, ẹ̀wù pupa ni wọn ó bá lábẹ́ rẹ̀. Ó wo àwọn ebè tó ti kọ. Lẹ́yìn náà ó rọra gbé ọkọ́ ti igi, ó bu omi nínú kéègì, ó ń fọ ọwọ́.

"Kí ló dé?" ni Bàbá béèrè. "Ó ku ọgọ́rùn-ún o."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ọmọ ẹgbẹ́ lèmi náà. Ṣé ẹ rí bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń ṣe? Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, gbogbo ayé á máa pàtẹ́wọ́. Tó bá wá ku díẹ̀, wọ́n á dúró."

"Fẹ́rànmí!"

"Ọ̀ọ́dúnrún nínú irinwó. Ipò kejì nìyẹn, Bàbá, kò burú."

"Ta ni yóò kọ ìyókù? Bí òjò bá fi lọ, ilẹ̀ yìí á le gan-an!"

"Ẹ má bọkàn jẹ́." Fẹ́rànmí nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Sáà tó ń bọ̀ ni tiwa."

Bàbá Jethro dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ lọ́dọọdún ni. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo ọkọ́. Ó gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ mú rédíò nílẹ̀, ìbàdí rẹ̀ kọ̀ ọ́. Fẹ́rànmí ló bá a mú un.

"Ọ̀sẹ̀ Kérésì ńkọ́?" Bàbá kùn. "Adétutù á lè gba ìsinmi nígbà náà."

"Ti ọdún wo, Bàbá?"

"Ti ọdún yìí! Ṣé o fẹ́ kí n búra ni?"

"Rárá o, Bàbá. Èyí tá a fi ẹnu ara wa sọ lọ́jọ́sí ló ń dà wá láàmú yìí. Ẹ sáà ti lọ sọ fún àwọn àgbà."

"Màá rí wọn kí ilẹ̀ tó ṣú."

Fẹ́rànmí kò dúró gbọ́ àmín. Ó gbé ọkọ́, ebè tó kọ tẹ̀ lé e tóbi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì. Bàbá tẹ̀ lé e wọ àárín oko, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bẹ́ẹ̀ alángbá nìkan ló wà níbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí.

"Ṣùgbọ́n bí a bá dé ibi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fún ọ níyàwó ká tó gba ife o. Wọ́n á ní mi ò nígbàgbọ́ nínú ẹgbẹ́ wa."