Àdúrà Àdùfẹ́ Nínú Àwo Àṣekágbá

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ Amùkòkò lánàá, ẹ̀rín rẹ̀ ò tíì tán nínú mi. Oyèníran, awakọ̀ tírélà, ló pe Diepreye lẹ́jọ́, olórí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Irin Èbúté.

“Kábíyèsí, orúkọ mi ni wọ́n bà jẹ́. Pákó lásán ló pààlà yàrá wa àti sítúdíò wọn. Àdùfẹ́ ìyàwó mi ń gbàdúrà láàárọ̀, wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n fi ṣe orin nínú àwo ìkẹyìn tí wọ́n gbé jáde kí wọ́n tó tú ká.”

Akọ̀wé ààfin tẹ orin náà lórí fóònù rẹ̀. Ohùn Àdùfẹ́ jáde: “Bàbá, mú Oyèníran ọkọ mi wọ balùwẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin rèé, Bàbá.” Gìtá sì ké tẹ̀lé e.

Àwọn ìjòyè bojú.

Oyèníran tún ní: “Bí mo bá ti páàkì ní gáréèjì tírélà ní Coconut, àwọn mẹkáníìkì á gberin. Kábíyèsí, mi ò lè jẹun níbẹ̀ mọ́. Kí wọ́n kó àwo náà nílẹ̀.”

Diepreye dọ̀bálẹ̀. “Baba, ẹ̀ẹ̀mejìlá la gba orin yẹn, ẹ̀ẹ̀mejèèjìlá ni ohùn Mama ń wọ inú rẹ̀. Abeg, ta ló ba iṣẹ́ ta ni jẹ́?”

Justice, onílù wọn, jẹ́rìí: “Kì í ṣe ohùn Mama o. Na keyboard.”

Baálẹ̀ bi í: “Kíbọ́ọ̀dù wo ló mọ orúkọ ọkọ Àdùfẹ́?”

Justice jókòó.

Mọ́nsúrátù aládùúgbò ní òun ò gbọ́ orin náà rí láyé òun.

“Kí ló tẹ̀lé ‘ọjọ́ mẹ́rin rèé’?”

“‘Kàn-ìn-kàn-ìn ti gbàgbé ẹ̀yìn rẹ̀.’ Ibẹ̀ ni ìlù ti ń wọlé, Kábíyèsí.”

Baálẹ̀ kọjú sí Àdùfẹ́. “Ṣé àdúrà náà gbà?”

“Ó gbà. Ọkọ mi ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ báyìí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbà á kí àwọn ọmọ yìí tó fi gìtá sí i.”

Baálẹ̀ dájọ́: “Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. A ò lè kó o nílẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àdúrà tó bá gbà, ẹ̀rí ló kù. Irin Èbúté ò gbọdọ̀ tú ká. Ẹ ó ṣe àwo mìíràn, Àdùfẹ́ á jẹ́rìí nínú rẹ̀, kí ẹni tó gbọ́ ẹ̀sùn lè gbọ́ ọpẹ́. Ẹ gbé máíkì sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Omi ìwẹ̀ Oyèníran ni ìlù.”

“Baba, we don retire na,” ni Diepreye wí.

“Ẹ ò tíì fẹ̀yìn tì.”

Oyèníran rọra bèèrè: “Kábíyèsí, ṣé omi gbígbóná ni?”

Diepreye ló dá a lóhùn, iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára: “Tútù ni, Baba. Bí òtútù bá mú yín ké, ẹ̀yin lẹ kọrin yẹn.”