Géraud Fi Lisp Ka Ọjọ́ Ọjà

Bí Géraud bá mọ ohun kan, gbogbo Odomèta ló gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Látìgbà tó ti kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà bọ̀ láti Kùtọnu, o ò lè bi í lọ́nà oko kó má sọ̀rọ̀ Lisp fún ọ: èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, tó jẹ́ kìkì àmì àkámọ́, ( àti ).

Raïssa ló fẹ́ fẹ́. Àmọ́ Philomène, ìyá Raïssa, olórí àwọn alágbàtà gàrí, kì í fi ọmọ fún ẹnu lásán.

"Màmá, màá ṣe ojú ewé kan fún gàrí yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Màá ki Lisp bọ inú rẹ̀. Bí oníbàárà bá ti ṣí i, fúnra rẹ̀ ni yóò ṣírò ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀!"

"Ó dáa. Bí wọ́n bá rí ọjà wá, kó àwọn èèyàn rẹ wá tọrọ ọmọ."

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ẹni tí yóò fẹ́ Raïssa kì í sì í ka àkámọ́! Géraud jókòó tì í. Ọjà ọrọọrún ni ọjà wa, ó sì ní kí Lisp máa fi ọjọ́ márùn-ún kún ọjọ́ ọjà tó kọjá.

Ọjọ́ ọjà pé, àwọn obìnrin pàtẹ gàrí, wọn ò rí oníbàárà kankan. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn ará Pobè rọ́ dé. Ewúrẹ́ ni wọ́n bá lọ́jà.

"Géraud, ẹ̀rọ rẹ ṣìnà!"

"Ẹ̀rọ kì í ṣìnà, Màmá. Ọjà yín ló yá jù!"

Ó fi àkámọ́ kún àkámọ́. Ní ọjà kejì, ọjọ́ méjì ni àwọn oníbàárà fi pẹ́, ẹnu ọ̀nà Géraud ni wọ́n sì ti wá bú u.

Àánú rẹ̀ ṣe Raïssa. "Òní, ọ̀la, ọ̀tunla, ìrènì, ọ̀rúnní. Ṣé o ka ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn?"

Géraud fò padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Lisp kì í ka òní! Ó sọ márùn-ún di mẹ́rin, ọjà sì kún fọ́fọ́. Gàrí Philomène tán pátá.

"Ìyàwó ti di tèmi!" ni Géraud ń pariwo. "Màmá, ọjọ́ wo ni ká wá?"

"Ní ọ̀rúnní."

Ọ̀rọ̀ ìyàwó kọjá ohun tí èèyàn ń fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ìka ni Géraud fi ka eléyìí: ọ̀la, ìkan; ọ̀tunla, èjì… títí ó fi dé àrún. Ó kó gbogbo ẹbí rẹ̀ láti Idigny wá, wọ́n múra, wọ́n gbé iṣu lérí, wọ́n dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Philomène ń fọ ìkòkò àsè àná.

"Ẹ kú àbọ̀ o," ni ó wí. "Ọjà ti tú."