Alàgbà Fámúrewá àti Láfún Orí Àpáta

Ẹ wo Alàgbà Fámúrewá, Amòfin-ju-Mósè, Aṣọ́bodè Ọ̀run, ọkùnrin tí agbádá rẹ̀ máa ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé! Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà, àmọ́ òfin Fámúrewá nínú ìjọ wọn ní Ìkẹ́rẹ́ ti ju ti ìjọba lọ.

Èyí tó fẹ́ràn jù ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Opó kan wà, Sẹ̀gilọlá, tó sá láfún sórí àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì bí gbogbo àdúgbò ti ń ṣe. Òjò ṣú ní Sọ́ńdè kan, ó sáré lọ kó o, torí òun làwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ. Fámúrewá ní kó lọ máa jókòó lẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́.

"Ẹ ṣàánú mi, Alàgbà."

"Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Òfin ò mọ opó."

"Láfún tiyín náà ṣì wà lórí àpáta, sà."

"Oòrùn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èmi kọ́."

Obìnrin náà sunkún délé. Ó ti fara da ebi rí, àmọ́ kí wọ́n fi oúnjẹ Olúwa du òun, ìyẹn dùn ún dọ́kàn.

Ó wá di Sọ́ńdè tí Alábòójútó wá láti Adó láti fi Fámúrewá jẹ Baba Ìjọ. Fámúrewá jókòó síwájú, ọrùn gan. Àárín ìwàásù ni àrá sán. Etí rẹ̀ kan ń gbọ́ ìwàásù, ìkejì ti wà lórí àpáta. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn fèrèsé, ó di ikùn mú bí ẹni tí inú ń run, ó yọ́ jáde.

Ó gbàgbé pé àpáta ni fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì kọjú sí. Gbogbo ìjọ ń wo bó ṣe ká agbádá sókè, tó ń fi fìlà kó láfún, tó ń yọ̀ ṣubú, tó tún ń dìde. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ti Fámúrewá, láfún ni, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn nírùngbọ̀n.

"Ẹ wá ràn mí lọ́wọ́, ẹ̀yin ará."

Akíntọ́lá, akọ̀wé ìjọ, yọjú lójú fèrèsé. "À bá wá, Alàgbà. Òfin yín ni ò jẹ́."

Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó mira àfi Sẹ̀gilọlá. Igbá ọrẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló gbé sáré bọ́ sínú òjò.

"Alàgbà, ugbá rèé. Ẹ kó o sí i kí àgbàrá tó gbé e lọ."

Nígbà tí àwọn méjèèjì wọlé, tí omi ń ro lára wọn, Alábòójútó, tí Akíntọ́lá ti rọ́ ọ̀rọ̀ opó náà fún, béèrè pé, "Alàgbà, ìyà wo ni òfin yín ní kí n fi jẹ yín?"

Fámúrewá wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Sà, ẹ ṣàánú mi."

"Èmi kọ́ lẹ máa bẹ̀."

Ojú tì í gidi. Amòfin-ju-Mósè dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Sẹ̀gilọlá lójú gbogbo ìjọ.

"Ẹ dìde, Alàgbà," obìnrin náà wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Òun ló kọ́kọ́ gba búrẹ́dì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lọ́jọ́ náà. Fámúrewá kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, láfún ń kán láti irùngbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Baba Ìjọ ò sì jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.