Bí Bàbá Adégòróyè Ṣe Da Omi Ìwẹ̀ Gbogbo Ilé Nù

Ẹ sún mọ́bí, kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà sì fi ẹnu sinmi díẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó mú àwọn àgbà máa pa á lówe pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni, ẹ sì rò pé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá Adégòróyè ará Ìmẹ̀sí-Ilé ni, ọ̀rọ̀ omi ìwẹ̀ sì ni.

Bàbá yìí bá ìyàwó rẹ̀ gbé títí irun àwọn méjèèjì fi funfun. Nígbà tí ìyàwó kú, ilé dákẹ́ bí ilé ìwé tó gba ìsinmi. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé fìlà rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. Kò sí ẹni tí yóò gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sílé ìwẹ̀ dè é láàárọ̀. Omi tútù ló ń dà sára, á máa gbọ̀n, á sì máa sọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an lòun ṣe fẹ́ ẹ. Ìbídùnní, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Jàpáànù níbi tó ti ń tọ́jú aláìsàn. Nígbà tó gbọ́ bí ohùn bàbá rẹ̀ ṣe ń rẹlẹ̀ sí i lórí fòònù, ó ní kó wá kí òun.

Ibi tó ní kí bàbá dé sí kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì alájà gíga. Ilé ìgbàlejò àtijọ́ ni, lórí òkè, ilé onígi tí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ jẹ́ bébà, tí wọ́n sì fi ẹní nípọnnípọn tẹ́ gbogbo ilẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Hisayo ló ni ín. Ibẹ̀ ni Ìbídùnní yóò ti wá pàdé bàbá rẹ̀.

Onítakisí já bàbá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó yí ọkọ̀ padà. Ìyá Hisayo jáde. Irun rẹ̀ funfun ju ti bàbá lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀. Kí bàbá tó lanu, ìyá ti kúnlẹ̀, ó ti forí kanlẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ta ni yóò dúró gbagidi kí àgbà kúnlẹ̀ fún un? Bàbá Adégòróyè ju àpò sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá gbójú sókè, ó rí àlejò rẹ̀ nílẹ̀, ó tún forí balẹ̀ padà. Bàbá rí i pé ìyá ò dìde, òun náà ò dìde. Fòònù tó dún lápò rẹ̀ ló gba àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Ìbídùnní ni. Yìnyín ti bo ojú irin, rélùwéè ò lè kọjá, ó di ọ̀la. Ó ní kí bàbá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kó wọ sálúbàtà tó bá rí, omi gbígbóná wà fún ìwẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Bàbá mi, ìyá yẹn ni wọ́n gbà mí sílé nígbà tí mi ò mọ ẹnì kankan níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé ẹ ò kọ́ mi nílé."

"Èmi?" ni bàbá wí. "Èmi tí mo kọ́ ẹ lẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún?"

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó pinnu pé títí ọmọ òun yóò fi dé, òun ò ní ṣe ohun kan tí yóò ba ọmọ náà lórúkọ jẹ́.

Ó bọ́ bàtà. Sálúbàtà tò rẹrẹ lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́, bàbá ní ti àwọn àlejò yòókù ni, ọmọlúàbí kì í ti ẹsẹ̀ bọ bàtà oníbàtà. Ó fi ẹsẹ̀ lásán wọlé, ilẹ̀ tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Ìgbà tó dé ilé ìyàgbẹ́ ló rí sálúbàtà kan tó dá wà, tí kò sí ẹni tó ń jà sí i. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ya àwòrán sálúbàtà yẹn gan-an tó ń bá ẹsẹ̀ jáde, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà kọjá lórí rẹ̀. Bàbá wò ó dáadáa. Ó ní ẹni tó yà á mọṣẹ́. Ó ti ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, ó fi gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fi gun orí ẹní tí wọ́n ń nù lójoojúmọ́.

Aṣọ ilé wà lórí ẹní náà, ó gùn dé kókósẹ̀, wọ́n là á níwájú. Bàbá wọ̀ ọ́, ó fi apá ọ̀tún borí apá òsì, ó fi ọ̀já dì í. Ó yíjú síbi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń dúró sí bó bá ń múra, kó gbọ́ bóyá ó yẹ òun. Ògiri ló wà níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé, lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn yẹn, òkú nìkan ni wọ́n ń fi apá ọ̀tún aṣọ borí fún. Ẹ wá fojú inú wò ó: òkú ń rìn lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ sálúbàtà ilé ìyàgbẹ́, ó sì ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé ní "ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Tọkọtaya kan fara mọ́ ògiri kí ó kọjá. Ó ní bóyá wọn ò gbọ́, ó tún wọn kí. Wọ́n tẹríba, wọ́n sì yára wọ yàrá wọn. Bàbá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìkíni lẹ́nu, bí ẹni tó ru ẹrù tí kò rí ibi sọ̀ ọ́ sí.

Ìyá Hisayo gbé oúnjẹ wá bá a, abọ́ kéékèèké bí èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré. Bó ṣe rí àyà bàbá, ó ké tín-ín-rín. Ó na ọwọ́, ó rọra tú ọ̀já náà, ó fi apá òsì borí, ó tún un dì. Bàbá ò mira. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti tún aṣọ ṣe sí i lára. Nígbà tó ń lọ, ìyá fi ìka méjì gbé sálúbàtà náà dání, ó nà án jìnnà sí ara. Bàbá ní, "Ẹ wo ìyá rere. Ó fẹ́ bá mi fọ̀ ọ́."

Ó kù òun àti oúnjẹ. Bó ṣe ń ṣe nílé láti kékeré, ó gbójú sókè kó tó mú òkèlè àkọ́kọ́, ó ní, "Ẹ wá jẹun o." Ilẹ̀kùn bébà ò dáhùn. Ìyókù oúnjẹ náà kàn ń gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá ni.

Ilẹ̀ mọ́, bàbá tún aṣọ wọ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n wọ̀ tẹ́lẹ̀, ó mú ọṣẹ dúdú àti kànhìnkànhìn rẹ̀, ó lọ wẹ̀. Ẹnu yà á. Ọpọ́n onígi kan wà níbẹ̀, ó fẹ̀ bí ọkọ̀ apẹja, omi gbígbóná kún un dẹ́múdẹ́mú. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ, ẹnikẹ́ni ò gbé omi kaná nítorí rẹ̀. Àjèjì ló wá kaná gbogbo èyí fún òun nìkan?

Àwòrán wà lára ògiri níbẹ̀ náà. Ọkùnrin kan wà ní ìhòòhò lórí àpótí, ó ń fi ọṣẹ wẹ̀ níta ọpọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin náà ti ṣan ara, ó ti mọ́, òun àti àwọn mìíràn jọ wà nínú omi. Àwòrán ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ ti ọwọ́ tó fẹ́ fa èdídí tó dí ihò ìdí ọpọ́n yọ, ìlà pupa sì gba orí rẹ̀ kọjá. Kí bàbá tó wo èyí àkọ́kọ́ dé ìdajì, ó ti yíjú.

"Àgbà bíi tèmi," ló wí, "kí n máa wo ìdí ọkùnrin lára ògiri?"

Ó fi aṣọ ìnura rẹ̀ kọ́, ó bo gbogbo rẹ̀.

Ó wá wọ inú ọpọ́n, ó fi ọṣẹ para, ó fi kànhìnkànhìn ha ẹ̀yìn títí omi fi dúdú bí aró. Ara rẹ̀ yá gágá. Nígbà tó wẹ̀ tán, ó rántí ọmọ rẹ̀, ó rántí ẹ̀kọ́ ilé. Ọmọlúàbí kì í fi omi ìdọ̀tí sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó fa èdídí yọ. Omi gbígbóná tí gbogbo ilé jọ ń lò, tó ń sun látinú òkè díẹ̀díẹ̀, tí ọpọ́n fi ń gba odindi ọjọ́ kó tó kún, ló lọ gbuurugbu yẹn. Bàbá tún bẹ̀rẹ̀, ó fọ inú ọpọ́n títí igi fi ń dán.

Bó ṣe jáde, àwọn àlejò ti tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnura léjìká. Bàbá fi ọwọ́ hàn wọ́n pé ó ti mọ́, kí wọ́n wọlé. Wọ́n wo ọpọ́n, wọ́n wo bàbá. Wọ́n lọ pe Ìyá Hisayo. Ìyá yọjú sínú ọpọ́n, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọwọ́ tó bo ẹnu yẹn ò nílò ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ padà sí i létí, pé ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé ẹ ò kọ́ mi nílé. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ onígi tó tutù náà, ó ní kí wọ́n dákun, òun lòun ṣẹ̀, kì í ṣe ọmọ òun. Ìyá rí àlejò nílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó forí kanlẹ̀. Bàbá ò lè dìde kí àgbà tó dìde. Ìyá ò lè dìde kí àlejò tó dìde. Fòònù sì wà ní yàrá. Àwọn àlejò yòókù rí i pé kò yẹ kí àwọn nìkan wà lóòró, ni gbogbo wọn bá wólẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ yí bàbá ká.

Báyìí ni Ìbídùnní ṣe bá wọn. Ó wọlé pẹ̀lú yìnyín léjìká, ó rí bàbá rẹ̀ ní gbalaja, aṣọ òkú lára rẹ̀, Ìyá Hisayo forí kanlẹ̀ lápá orí rẹ̀, gbogbo ilé sì tẹríba. Àpò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ti kú," ló wí. "Bàbá mi ti kú."

Bàbá ò gbé ojú kúrò nílẹ̀. "N ò tíì kú," ló ní. "Omi ni mo dà nù."

Ẹ̀rín àti ẹkún gbé Ìbídùnní ṣubú sórí orúnkún. Bàbá rojọ́ fún un láti ilẹ̀ níbẹ̀, ó ní kó bá òun bẹ ìyá. Ìbídùnní sọ ọ́ ní èdè wọn. Èjìká Ìyá Hisayo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bàbá rò pé ó ń sunkún. Àṣé ẹ̀rín ni. Ìyá sọ̀rọ̀ gùn, Ìbídùnní sì ń wo ilẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká dìde ná."

"Kí ló wí?"

"Wọ́n ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, èmi náà da omi yẹn nù, mo sì fọ ọpọ́n mọ́. Wọ́n ní láti ìgbà yẹn làwọn ti ń fẹ́ rí ẹni tó kọ́ mi. Wọ́n ní bí àwọn ṣe rí bí ọpọ́n ṣe ń dán láàárọ̀ yìí, àwọn mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bí mi."

Bàbá yí ojú sí i. "Ìwọ náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Nítorí tèmi ni wọ́n ṣe ya àwòrán yẹn sára ògiri, kó má baà tún ṣẹlẹ̀. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

Bàbá wo aṣọ ìnura tó ṣì bo ògiri lọ́hùn-ún.

"Mo rí i," ló wí. "Mo bò ó ni."

Ìbídùnní fi ọwọ́ kan fa bàbá, ó fi èkejì fa ìyá, ó gbé wọn dìde pọ̀ kí ẹnì kankan má baà ṣíwájú. Wọ́n se omi nínú ìkòkò fún àwọn àlejò yòókù, bàbá fúnra rẹ̀ ló ru garawa kiri. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó gbójú sókè, ó wo Ìyá Hisayo tó fẹ́ jáde.

"Màmá, ẹ wá jẹun."

Ìbídùnní sọ ọ́ fún un. Ìyá dúró díẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn bébà, ó padà, ó jókòó tì wọ́n, ó bù ú jẹ.

Bàbá padà sílé wá ròyìn fún àwọn àgbà Ìmẹ̀sí-Ilé, àwọn ló sì sọ ọ́ di òwe. Ẹni tó bá ní òwe ọ̀hún ti wà kí ọkọ̀ òfuurufú tó dáyé, kí ó lọ bi ọpọ́n. Èmi ò bá a jiyàn. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bó bá wá jẹ́ ọmọlúàbí, á tún wá aṣọ ìnura bo ohun tí ì bá rí.