Ṣùkú Àbúrò Mi àti Iṣẹ́ Ìṣirò Mi

Àárọ̀ Sátidé kan wà ní Ẹ̀fọ̀n tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Abẹ́ Ondo State la ṣì wà nígbà náà. Mo ń lo ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, ìṣirò ni mo sì ń kọ́. Ẹ má bi mí pé kí ló gbé mi débẹ̀.

Olùkọ́ tó jẹ́ ọ̀gá mi níbẹ̀ fún mi níṣẹ́ lórí okùn dídì. Bí o bá to okùn mélòó kan sórí ìlà, ọ̀nà tí o lè gbà dì wọ́n ò lóǹkà. Ṣùgbọ́n bí o bá di gbogbo wọn mú, tí o yí wọn po lódindi, ìyípo yẹn kì í bá dídì kankan jà. Ṣe é ṣáájú, ṣe é kẹ́yìn, ibì kan náà lo máa já sí. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àárín. Ọ̀gá mi wá ní kí n wá àárín fún ìbátan dídì yìí kan, èyí tí okùn rẹ̀ ò tò sórí ìlà, tó tò yí ká bí òrùka. Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá a, mi ò rí i.

Sátidé yẹn ni àbúrò mi obìnrin ń ṣègbéyàwó. Àlùfáà ti kìlọ̀ pé bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ bá lù láì tíì rí ìyàwó, àwọn á ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó di oṣù tó ń bọ̀. Àwọn ará ọkọ ti gbéra ní Aràmọkọ. Màámi ń di ṣùkú fún un lọ́wọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìkùukùu bo òkè, ó rọra ń wọlé tọ̀ wá, àbúrò mi sì ti sùn lọ lórí ìjókòó. Aládùúgbò kan pe Màámi sẹ́yìnkùlé. Màámi ní kí n bá àwọn di ṣóńṣó irun náà mú kó má baà tú.

Mo dì í mú, mo ń wò ó. Irun yí orí ká bí òrùka! Ọkàn mi lọ, bí ẹni tó ń lálàá láìsùn. Mo ní bí mo bá yí gbogbo rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, kò lè da iṣẹ́ Màámi rú. Mo yí i, kò jọ ohun tí mo rò. Mo gbé tọ̀tún gba orí tòsì, mo tún yí i, mo sì fi òwú dúdú so ó. Nígbà tí mo fẹ́ dá a padà, mi ò mọ èyí tó ṣáájú mọ́. Ọ̀mọ̀wé!

Àbúrò mi jí, ó fọwọ́ kan orí. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe sí mi lórí?" Ó bú sẹ́kún. Màámi wọlé, wọ́n mú abẹ, wọ́n ń gé òwú. Mo nawọ́ láti ràn wọ́n lọ́wọ́, irun náà tún lọ́ pọ̀. Mo wá bi wọ́n pé kí ni mo lè ṣe tí kò ní ba nǹkan jẹ́.

"Má ṣe nǹkan kan rárá," ni Màámi wí. "Òun nìkan ló bá gbogbo wa mu lónìí."

Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí aago mẹ́wàá ààbọ̀ lù la wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìdajì ṣùkú lábẹ́ fèélì. Ojú tì mí débi pé ẹ̀yìn òpó ni mo lọ jókòó sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Màámi ti yé mi. Nínú dídì olórùka yẹn, kò sí ìyípo kan tó bá gbogbo wọn mu. Kéèyàn má ṣe nǹkan kan ni gbogbo àárín tó wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì yege.

Àbúrò mi ò tíì dárí jì mí tán. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣègbéyàwó, kí wọ́n tó fọwọ́ kan irun, ó ti gbé àga kan síta fún mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ jókòó, mo káwọ́ lẹ́rán.