Ìwé Bàbá Nínú Géètì Màmá Tíṣà

Ọjọ́ tí rédíò sọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán lọ́kàn mi. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ "ìkéde pàtàkì", mo máa ń dá iṣẹ́ ọwọ́ mi dúró. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Ìjọba ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo wo bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń jó irin géètì. Wọ́n ṣí ìbòjú wọn sókè.

Ará Tógò ni bàbá mi. Òòlù méjì àti ayùn irin kan ni wọ́n gbé wá sí Ìkọ̀tún nígbà tó ṣì jẹ́ oko pákí. Wọ́n fẹ́ ìyá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kọ BÀBÁ TÓGÒ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù. Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndó, géètì wa ló wà lẹ́nu ọ̀nà èèyàn.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará Gánà tó háyà yàrá lẹ́yìn ilé wa gbẹ́rù lọ wọ ọkọ̀ ìlú wọn ní Ìyànà Ìpájà. Wọn ò dúró ká aṣọ tí wọ́n sá. Èmi tí mo ya ojo jù nínú ilé mú sáńpépà, mo fi ha TÓGÒ kúrò lára pátákó. Kó tó di ọ̀sán, àwọn èèyàn ti ń wá kí wa. Wọ́n rò pé bàbá ti kú la ṣe pa orúkọ wọn rẹ́. Ẹnìkan tiẹ̀ kí bàbá fúnra wọn pé ẹ kú ará-fẹ́ra-kù, kó tó wojú wọn.

Ìyẹn ṣì kéré. Nírọ̀lẹ́, bàbá ní kí n gbé páìpù kan wá lókè àjà, ìwé ìgbélùú wọn wà nínú rẹ̀. Ikán ti jẹ àpótí wọn rí. Wọ́n gbà pé ikán ò ní jẹ irin. Wọ́n ká ìwé náà bọ inú páìpù, wọ́n fi àkísà dí i lẹ́nu, wọn ò sọ fẹ́nì kan. Èmi rò pé nítorí agbọ́n ni wọ́n ṣe dí i. Lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, irin ò tó wa, mo sì ti fi páìpù náà ṣe ẹ̀gbẹ́ géètì Màmá Tíṣà, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, ní Ìgàndó. Mo jó irin pẹlẹbẹ dí i lókè àti nísàlẹ̀ kí òjò má bàa wọ̀ ọ́.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá, wọ́n jókòó sórí irin. "Ṣé o jó o dáadáa?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbàdúrà pé kíṣẹ́ mi má dáa nìyẹn.

Láàárọ̀, èmi àti bàbá lọ síbẹ̀, mo sì purọ́ fún Màmá Tíṣà pé a fẹ́ tún géètì náà ṣe. Màmá fi ìka kan tì í, ó ṣí wẹ́rẹ́.

"Ọmọ mi, kí lo sọ nù sínú géètì mi?"

Mo jẹ́wọ́. Màmá náà ti gbọ́ rédíò. Wọ́n yíjú sí bàbá mi. "Ẹ gbé e lọ. Ṣùgbọ́n n ò lè fi ilé mi sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ yín ni géètì mi títí ẹ ó fi dé."

Bí mo ṣe dúró sáàárín òpó méjèèjì nìyẹn, láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Gbogbo ẹni tó wọ káàkí kọjá, mo rò pé bàbá mi ló ń wá. Níbi tí mo ti ń wò wọ́n, ewúrẹ́ gba àárín ẹsẹ̀ mi wọlé.

"Géètì," Màmá pè mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, "ewúrẹ́ ti wọlé o."

Ní ṣọ́ọ̀bù, bàbá ò jẹ́ kí iná kan páìpù náà mọ́. Ayùn ni wọ́n fi rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Etí ìwé náà ti jó bí èèpo iṣu, àmọ́ fọ́tò, orúkọ àti òǹtẹ̀ ṣì hàn. Nígbà tí wọ́n gbé géètì padà dé, ohun tí wọ́n sọ fún mi kò ju "Iná rẹ pọ̀ jù" lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òṣìṣẹ́ ìjọba dé ṣọ́ọ̀bù. Ó yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Baba, ta ló sun ìwé yín?"

Bàbá nawọ́ sí mi. "Ọmọ mi ni. Ó ṣì ń kọ́ṣẹ́."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dá ìwé padà, ó lọ. Kò sẹ́ni tó tún wá béèrè mọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an, bàbá gbé ọ̀dà fún mi pé kí n dá TÓGÒ padà sáyè rẹ̀. Mo kọ ọ́, ó wọ́. Aṣọ àwọn ará Gánà ṣì wà lórí okùn lẹ́yìn ilé.

Èmi ni mo ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. N kì í jó páìpù pa láì fojú sẹ́nu rẹ̀ wò. Àwọn oníbàárà máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ni mò ń wá. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo máa ń yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kejì.